Wọ́n Ń Pariwo Orúkọ Tèmídayọ̀

Hull, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, ọdún 2025

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àmójútó ilé. Ṣé ara yín le? Orúnkún yín ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ máa ní kò dùn yín mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹ ṣì ń di ògiri mú kí ẹ tó dìde. Èmi náà wà, a dúpẹ́. Òtútù ibí yìí kò tíì fẹ́ lọ. Ní ilé àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́, àwọn méjì ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, gbogbo iṣẹ́ wọn sì ti bọ́ sí wa lọ́rùn. Bàbá kan tí mo máa ń wẹ̀ fún ń fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ tó ti kú pè mí. Mi ò bá a jiyàn mọ́, mo kàn ń jẹ́ ẹ.

Ẹjọ́ Dayọ̀ ni mo fẹ́ rò fún yín. Mo pè é títí, kò gbé e. Mo kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀, ó rí i, kò dá mi lóhùn. Ṣé nítorí aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ tí mo ní kó fún mi láyè díẹ̀ ni? Ẹ bá mi sọ fún un pé mi ò gbàgbé. Èmi ni ẹ̀gbọ́n, èmi náà ni màá ra aṣọ yẹn. Kó má fi ìyẹn bá mi yan odì, kì í ṣe ọmọdé mọ́, ó ti ń ṣiṣẹ́ oṣù lọ́dọ̀ ajẹ́ńtì tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù ní bọ́dà Sẹ̀mẹ̀, ó sì ti mọ bí owó ṣe ń wá.

Bí ẹ bá rí ẹni tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi edé gbígbẹ ránṣẹ́. Èyí tí wọ́n ń tà níbí kò lóòórùn kankan.

Ọmọ yín,
Gbémisọ́lá


Ìwòrò, Àgbádárìgì
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹta, ọdún 2025

Gbémisọ́lá ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo kọ èyí sínú ìwé, màá ya fọ́tò rẹ̀, màá fi ránṣẹ́ sí ọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé sọ lórí fóònù. Ògiri ilé wa fẹ́lẹ́, àbúrò rẹ sì wà ní yàrá kejì.

Kì í ṣe aṣọ ló ń bí Dayọ̀ nínú. Kò bínú sí ọ rárá. Jókòó kí o tó ka èyí tó kù.

Ní ọjọ́rú tó lọ lọ́hùn-ún, wọ́n tètè ṣíwọ́ ní ọ́fíìsì wọn, ó sì gun ọ̀kadà láti Sẹ̀mẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá dá wọn dúró lójú ọ̀nà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ yẹ báàgì rẹ̀ wò, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé àwọn ọmọ ọ́fíìsì wọn ń gbé oògùn olóró. Wọ́n lé ọlọ́kadà. Wọ́n mú un lọ sínú ilé kan lẹ́yìn ọ̀nà tí wọ́n ń lò bí àgọ́. Àwọn mẹ́ta ni. Ọwọ́ mi ò fẹ́ kọ èyí tó kù, ṣùgbọ́n tíṣà ni mí, mi ò ní fi àdììtú kọ̀wé sí ọ. Wọ́n fipá bá a lò pọ̀. Aṣọ ìjọba ló wà lọ́rùn wọn.

Ọlọ́kadà yẹn kò lọ jìnnà. Ó dúró níwájú títí ó fi rí i tó jáde, òun ló sì gbé e wálé. Ó bọ́ ẹ̀wù ara rẹ̀, ó fi bò ó.

Dayọ̀ mọ ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́pàá náà. Mákánjú ni, ọmọ Ìyá Mákánjú ti Àràdágùn, tí mo kọ́ ní kíláàsì kẹta. Dayọ̀ ní òun pè é. Òun ní, "Bọ̀ọ̀dá Mákánjú, ọmọ Tíṣà ni mí." Ó ní Mákánjú gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí kò gbọ́.

A ti lọ sí ọsibítù. Ó sunkún níbẹ̀ débi pé àwọn èèyàn dúró ń wò ó. A ti lọ fẹjọ́ sùn pẹ̀lú; ọlọ́pàá la lọ fẹjọ́ ọlọ́pàá sùn. Ẹni tó jókòó sídìí tábìlì bi í pé kí ló dé tó jẹ́ òun nìkan ni wọ́n dá dúró nínú gbogbo àwọn tó ń kọjá.

Èmi nìkan ni mo wà níbí, bàbá yín ti lọ. Bí ohun kan bá wà tí o lè ṣe láti ibi tí o wà, ṣe é.

Ìyá rẹ,
Àṣàbí


Hull
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹta, ọdún 2025

Màmá mi,

Mi ò mọ bí mo ṣe máa kí yín. Inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo ti ka ìwé yín níbi iṣẹ́, orí ilẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n ti wá gbé mi.

Ẹ má sunkún mọ́. A ò ní dákẹ́. Ẹnì kan ti fi fóònù ya Dayọ̀ ní ọsibítù lọ́jọ́ yẹn, ó sì ti gbé e sórí ayélujára, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó jẹ́, àwọn kan tiẹ̀ ń sọ pé eré ni. Mo gbà á, mo gbé e sí ojú ewé tèmi. Mo fi orúkọ rẹ̀ sí i ní kíkún, pẹ̀lú fọ́tò tó yà nígbà tó jáde ìwé, kí ẹnikẹ́ni má lè ní irọ́ ni. Mo kọ ọ́ sókè pé: ọlọ́pàá mẹ́rin ló ba ayé àbúrò mi jẹ́. Mo dárúkọ Mákánjú. Kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n ti pín in débi tí mi ò lè kà. Àwọn tó wà ní Kánádà, ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n ń bi mí pé kí làwọn lè ṣe. Àwọn obìnrin ní Èkó ń múra ìwọ́de sílẹ̀.

Màmá, gbogbo ayé ló wà lẹ́yìn wa. Ó yẹ kí gbogbo èèyàn rí i kó lè yé wọn. Ẹ sọ fún Dayọ̀ pé kó gbórí sókè, kì í ṣe òun ni ojú yẹ kó tì. Bí ara rẹ̀ bá gbà á, kó sọ̀rọ̀ díẹ̀ sínú fóònù kí n fi kún un.

Gbémisọ́lá


Hull
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹrin, ọdún 2025

Màmá mi,

Mo kí yín. Mo ti ń retí èsì yín láti ìgbà náà. Mo rí ìwọ́de náà lórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn obìnrin tó wọ dúdú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́, títí dé iwájú àgọ́ ọlọ́pàá ní Àgbádárìgì. Mo rí fọ́tò Dayọ̀ lókè orí wọn. Mo sunkún ayọ̀, ṣùgbọ́n ó dùn mí pé ẹ̀yin kò sí láàárín wọn. Wọ́n ti mú Mákánjú àti àwọn méjèèjì yòókù. Ṣé ìyẹn náà kò tó ohun tí èèyàn ń kọ̀wé lé lórí ni?

Dípò kí n gbọ́ láti ẹnu yín, ẹnu ará àdúgbò ni mo ti gbọ́ pé Ìyá Mákánjú wá sílé wa, pé ẹ gbé àga fún un, ẹ sì fún un lóúnjẹ. Mo ní irọ́ ni. Ẹni náà ní ojú òun ló ṣe. Màmá, oúnjẹ? Ṣé wọ́n ti bá yín sọ̀rọ̀ ìparí ìjà ni? Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ti fi nǹkan dí yín lẹ́nu, ẹ sọ fún mi, kí n mọ̀ pé èmi nìkan ni mò ń jà.

Gbémisọ́lá


Ìwòrò
Ogúnjọ́, oṣù kẹrin, ọdún 2025

Gbémisọ́lá,

Mo ti ka ìwé rẹ méjèèjì. Mi ò fèsì nítorí pé bí mo bá kọ̀wé nígbà yẹn, ohun tí màá kọ kì í ṣe ohun tí ìyá ń kọ sọ́mọ.

Mo ní kí o ṣe ohun tí o lè ṣe. Mo rò pé wàá bá wa wá lọ́yà. Tèmi náà wà níbẹ̀, mi ò là á yé ọ.

O ní gbogbo ayé ló wà lẹ́yìn wa. Jẹ́ kí n sọ bí gbogbo ayé ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn obìnrin tó wọ́de yẹn ṣe dáadáa. Oòrùn pa wọ́n, wọn ò jẹun. Bí kì í bá ṣe tiwọn ni, wọn kì bá tí mú ẹnikẹ́ni, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣe tán ní Àgbádárìgì, àwọn kan nínú wọn wọ ọkọ̀ wá sí Ìwòrò láti wá bá wa kẹ́dùn. Wọ́n ń pariwo orúkọ rẹ̀ láti ìta. Tèmídayọ̀, Tèmídayọ̀. Àbúrò rẹ rò pé àwọn ọlọ́pàá ló padà wá mú òun. Ó wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mú, mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò jáde. Ni èmi náà bá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú orúnkún yìí, mo dùbúlẹ̀ tì í. Wọ́n ń kọrin níta pé àwọn wà pẹ̀lú rẹ̀. Àwa méjèèjì wà lórí sìmẹ́ńtì títí wọ́n fi lọ.

Látìgbà náà, wọ́n ń wá wò ó. Ẹni tí a ò rí rí ń gbé ọsàn wá kí ó lè rí ojú rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ní kí n jọ̀ọ́, kí òun bá a ya fọ́tò. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, pásítọ̀ fi orúkọ rẹ̀ gbàdúrà, gbogbo ìjọ sì yíjú wò wá. Àwọn kan ń kọ ọ́ sórí ayélujára pé irú aṣọ wo ló wọ̀, pé kí ló ń ṣe ní bọ́dà tẹ́lẹ̀. Dayọ̀ ń ka gbogbo rẹ̀ kí n tó gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Rewájú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan. Ó jókòó sétí àga. Ó ní bí ọ̀rọ̀ náà bá mọ láàárín wa ni, òun ì bá fara dà á, ṣùgbọ́n àwọn ará ibi iṣẹ́ òun ti wo fídíò náà. Ó sunkún. Mi ò rí ẹnu bú u. Nígbà tó yá, àwọn ẹbí rẹ̀ wá ní kí a fi ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó sílẹ̀ ná. O mọ ohun tí "ná" yẹn túmọ̀ sí.

Ìyá Mákánjú wá lóòótọ́. Ẹnu ọ̀nà ló kúnlẹ̀ sí, kò wọlé. Mo ní kó dìde. Ó ní òun ò ní dìde.

"Tíṣà, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ ní ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó ọmọ mi dànù."

Mo ní, "Ṣé ó sọ fún ọ pé òun ò ṣe é?"

Ó ń fa etí ìborí rẹ̀. Mo tún bi í.

Ó ní, "Ó ní ọ̀gá àwọn ló kọ́kọ́ ṣe é."

Ohun tí ọmọ sọ fún ìyá nìyẹn. Obìnrin náà fara ti ògiri, ó ní òun ò tíì fi nǹkan kan ẹnu láti àná. Mo fún un ní ẹ̀kọ. Bí ó bá ṣubú sí ẹnu ọ̀nà mi, kí ni mo fẹ́ ṣe? Ibi tó ti ń mu ún ni Dayọ̀ ti jáde sí i. Obìnrin náà bojú. Dayọ̀ ní, "Ìyá, ẹ máa lọ sílé," ó sì padà wọlé. Oúnjẹ tí o gbọ́ nípa rẹ̀ nìyẹn. Àwọn àgbààgbà kan gbé báàgì kan wá lẹ́yìn náà. Mo ní kí wọ́n gbé e padà, mi ò tú u wò.

Kò sẹ́ni tó dí mi lẹ́nu, Gbémisọ́lá. Ọmọ mi ló ní kí n dákẹ́, mo sì dákẹ́ fún un.

Mú fídíò náà kúrò.

Àṣàbí


Hull
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹrin, ọdún 2025

Màmá mi,

Mo kúnlẹ̀, mo forí balẹ̀. Mo ti mú un kúrò. Ṣùgbọ́n kò kúrò. Ó ti wà lọ́wọ́ àwọn tí mi ò mọ̀.

Lónìí, Ṣẹ́gun, ọmọ Nàìjíríà kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi níbi tí a ti ń jẹun. Ó ní, "Wo ohun tí wọ́n ṣe fún ọmọ yìí." Wọ́n ti fi orin sí i. Kò mọ̀ pé àbúrò mi ni. Mo ní kó pa á. Ó ní rárá o, ó yẹ kí gbogbo èèyàn rí i kó lè yé wọn. Ọ̀rọ̀ tí èmi fúnra mi kọ sí yín ló ń sọ fún mi.

Ẹ bá mi bẹ Dayọ̀. Ẹ ní kó kọ gbólóhùn kan ṣoṣo sí mi, ìbáà jẹ́ èébú.

Gbémisọ́lá


Ìwòrò
Ọjọ́ kẹta, oṣù keje, ọdún 2025

Gbémisọ́lá ọmọ mi,

Ó ti pẹ́, mo mọ̀. Mo ń gba gbogbo ìwé tí o ń kọ. Mo ka wọ́n fún Dayọ̀. Ó ń gbọ́, kì í sọ nǹkan.

A lọ sí kóòtù. Mo ti ń bẹ̀rù èrò, mo ti rán ìborí ńlá kan fún un kó fi bo ojú. Nígbà tí a débẹ̀, kò sẹ́nìkan. Àwọn tó kọrin, àwọn oníwèé ìròyìn, àwọn tó gbé ọsàn wá, mi ò rí ọ̀kan. Wọ́n ní nǹkan mìíràn ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn, ibẹ̀ ni wọ́n wà. Jùmọ̀kẹ́ nìkan ló dúró dè wá lẹ́nu géètì, ọ̀dọ́ lọ́yà tí àwọn ẹgbẹ́ obìnrin kan fi ràn wá lọ́wọ́. Ó ń bá wa tẹ̀ lé ẹjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í pariwo.

Ọ̀gá wọn kò wá, wọ́n ní ara rẹ̀ kò yá. Wọ́n mú Mákánjú àti ìkejì rẹ̀ kọjá níwájú wa. Nígbà tó rí mi, ó tẹrí ba. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà."

Ẹnu mi ti dáhùn kí ọkàn mi tó dá a dúró. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo fi dá ọmọ ilé ìwé lóhùn. Mo ní, "Káàárọ̀." Dayọ̀ gbọ́. Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú tèmi.

Ó sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Nígbà tó dé ibi tó ti pe Mákánjú ní bọ̀ọ̀dá, adájọ́ dá ìwé kíkọ dúró, ó wo ilẹ̀. Mo rò pé a ti borí. Ni lọ́yà wọn bá dìde, ó yọ bébà kan. Ọ̀rọ̀ tí o kọ sórí ayélujára ló tẹ̀ sí i. Ó kà á sókè: ọlọ́pàá mẹ́rin. Ó ní, "Ìwọ ní mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n rẹ ní mẹ́rin. Èwo ni irọ́?" Dayọ̀ ní òun lòun wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n òun kò sí níbẹ̀. Lọ́yà náà ní àbí òkìkí ni wọ́n ń wá tí wọ́n fi gbé fọ́tò síta. Ó bi í bẹ́ẹ̀ lóríṣiríṣi títí Jùmọ̀kẹ́ fi dìde.

Mi ò sọ èyí láti dá ọ lẹ́bi. Inú ìbínú lo ti kọ ọ́. Mo sọ ọ́ nítorí pé o máa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Adájọ́ fún àwọn ọlọ́pàá náà ní béèlì. Wọ́n sún ẹjọ́ sí oṣù kẹwàá. Mákánjú ti wà nílé ìyá rẹ̀ ní Àràdágùn báyìí, wọ́n ní ó ń jókòó síta nírọ̀lẹ́.

Dayọ̀ kò bá mi sọ̀rọ̀ láti kóòtù délé. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ó ní òun fẹ́ lọ sí Àjàṣẹ́ lẹ́yìn bọ́dà, sọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá mi. Mi ò bá a jà. Kí ni mo fẹ́ fi dá a dúró?

Máa jẹun. O ní o ti rù.

Ìyá rẹ,
Àṣàbí


Àjàṣẹ́
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2025

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù. Èmi Dayọ̀ ni.

Màmá ní kí n má jẹ́ kí ẹ̀bi pa yín. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìyẹn. Mo bínú sí yín, mo ṣì ń bínú, ṣùgbọ́n ó ti ń rẹ̀ mí. Mo bínú sí Màmá náà nítorí "káàárọ̀" yẹn, títí di ọjọ́ tí wọ́n sìn mí dé etí ọ̀sà. Wọ́n gbé ẹrù mi lé orí, wọn ò jẹ́ kí n gbé e. Nígbà tí ọkọ̀ ṣí, wọ́n wọ inú omi dé kókósẹ̀ wọn, wọ́n dúró síbẹ̀. Mo ń wò wọ́n títí mi ò fi rí wọn mọ́. Wọ́n ti darúgbó, Ẹ̀gbọ́n, mi ò sì mọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Àǹtí Dosi ni mo wà, ọmọ àbúrò ìyá Màmá. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ni wọ́n ní, mò ń bá wọn rán etí aṣọ. Èdè Ègùn tí wọ́n ń sọ níbí, èyí tí mo gbọ́ nínú rẹ̀ kò pọ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bi mí ní ìbéèrè gígùn. Jésùtófúnmi ni mo ní kí wọ́n máa pè mí, orúkọ ìrìbọmi mi. Àǹtí nìkan ló mọ èyí tó kù.

Mò ń bọ̀ fún ẹjọ́ náà lóṣù kẹwàá. Jùmọ̀kẹ́ ní kí n má fi í sílẹ̀, mi ò sì ní fi í sílẹ̀, nítorí pé mo fẹ́ tún sọ ọ́ lójú Mákánjú. Ẹ má sọ ọjọ́ tí a fẹ́ lọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kí ẹ ṣe ìyẹn fún mi. Kò sí ohun mìíràn tí mo fẹ́. Ẹ má ra nǹkan kan ránṣẹ́.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé yìí ṣẹlẹ̀ ní ìjẹta. Àwọn obìnrin kan wá gba aṣọ, wọ́n ń gbọ́ Yorùbá, Sẹ̀mẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣòwò. Ọ̀kan nínú wọn ń wo fóònù. Ó ní, "Ọmọ Àgbádárìgì yìí, tí àwọn ọlọ́pàá bà jẹ́, ṣé ẹ gbọ́ pé ó ti kú?"

Èkejì ní, "Ta ló sọ fún ọ?"

Ó ní, "Wọ́n ti kọ ọ́ káàkiri. Ìbànújẹ́ ló pa á."

Wọ́n gbé fóònù náà yí ara wọn ká. Mo gbọ́ ẹkún ara mi láti inú rẹ̀. Obìnrin tó ni fóònù fi etí ìborí nu ojú. Ó sunkún gan-an, Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ẹkún ẹ̀tàn. Ó ní ọmọ òun náà ń gba ọ̀nà yẹn kọjá. Àǹtí Dosi wò mí, ẹnu wọn là, wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo mi orí sí wọn. Mò ń rán etí aṣọ, mi ò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

Obìnrin náà ní kí Ọlọ́run tẹ́ ọmọ náà sí afẹ́fẹ́ rere.

Gbogbo wọn ní àmín. Èmi náà ní àmín.

Àbúrò yín,
Dayọ̀